Ogun Ìdí Eyín: Bí Ara Ṣe Ń Dojú Kọ Kòkòrò Àrùn Erìgì

Bí àgbàlagbà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bá sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ òun ní eyín, àwọn ọ̀dọ́ a máa rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ àgbà náà kò jìnnà sí òtítọ́. Kòkòrò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Nínú àrùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, erìgì, ìyẹn ẹran tí ó di ìdí eyín mú, àti egungun abẹ́ rẹ̀ ni ó ń bàjẹ́.

Bí kòkòrò wọ̀nyí bá kó jọ sínú ìdọ̀tí tí ó lẹ̀ mọ́ eyín, ara kì í káwọ́ lẹ́rán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ a ṣe èròjà tí a ń pè ní àǹtíbọ́dì, èyí tí ó bá kòkòrò kan pàtó mu bí kọ́kọ́rọ́ ti bá àgádágodo mu. Ibi tí ó bá lẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun a rí i, wọn a sì gbé kòkòrò náà mì.

Kí ni ó wá dé tí àrùn náà fi ń bá a lọ? Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé orí eyín, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí náà wà. Àwọn kòkòrò náà pẹ̀lú gbọ́n. Porphyromonas gingivalis a máa gé àǹtíbọ́dì sí wẹ́wẹ́. Aggregatibacter actinomycetemcomitans ní tirẹ̀ a máa tu oró tí ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tí a ń pè ní JP2 ń tu oró yìí lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé àríwá Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀, pé ó dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti pé òwò ẹrú ni ó gbé e dé Amẹ́ríkà. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2008 tọpa ọ̀dọ́langba 428 ní Mòrókò fún ọdún 2, láìsí àrùn náà lára wọn níbẹ̀rẹ̀. Ewu àrùn fún àwọn tí ó gbé JP2 nìkan tó ìlọ́po 18 ti àwọn tí kò ní kòkòrò náà rárá. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ni à ń sọ, tí eyín iwájú rẹ̀ ń mì, bóyá láìsí ìrora kankan.

Ogun náà a sì máa ba ilé onílé jẹ́, nítorí èròjà tí ara ń tú jáde láti fi jà wà lára ohun tí ń jẹ egungun. Nítorí náà, àǹtíbọ́dì púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kò túmọ̀ sí ìṣẹ́gun. Ó lè jẹ́ pé ìjà ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, orín dé ibẹ̀. Ní 1971, àwọn onímọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí agbára tí omi ara orín wa ní lórí kòkòrò àrùn. Ẹni tí ó ń fi orín ata fọ ẹnu ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí búrọ́ọ̀ṣì ní Ìwòpin létí ọ̀sà ní Ògùn Waterside, ń tú ibùba kòkòrò ká. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá ti jìn láàárín eyín àti erìgì, orín kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni dókítà eyín fi ń wọn àlàfo náà: mílímítà 3 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni ti erìgì tí ó dá ṣáṣá.