Oògùn Ìdodo Kì í Ṣe Oògùn Ojú: Bí Ìrísí Túùbù Ṣe Lè Dáàbò Bo Ọmọ Tuntun

Ìwọ́ ọmọ tuntun, lẹ́yìn tí agbẹ̀bí bá ti gé e, jẹ́ ojú egbò tí ó ṣí sílẹ̀ fún ohunkóhun tí ó bá fara kàn án, títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì já bọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí kòkòrò àìfojúrí bá gba ibẹ̀ wọlé, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri ara ọmọ, ó sì lè fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí í mú kí ẹnu ọmọ gan débi pé kò ní lè fa ọyàn mọ́. Ìwádìí lórí ìlera àwọn ará ìlú tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bá bí láàyè, 39 ni kì í pé oṣù kan láyé, àkóràn sì wà lára àwọn ohun tí ó ń pa wọ́n jù.

Ní àwọn agbo ilé ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, láti Ìsàlẹ̀ Òsì dé Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnkà, ìyá àgbà ni ó sábà máa ń wẹ ọmọ tuntun tí ó sì ń tọ́jú ìdodo rẹ̀, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu ni a ti bí ọmọ náà tàbí ilé agbẹ̀bí àdúgbò. Spírítì àti òwú ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àwọn mìíràn a fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná jó o, tàbí kí wọ́n fi àdí, iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ìfẹ́ ọmọ ni ó ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n spírítì kì í pẹ́ fẹ́ lọ, agbára rẹ̀ a sì bá a lọ, nígbà tí àwọn ohun yòókù lè gbé kòkòrò tuntun wá sójú egbò.

Oògùn tí ó lè dí àlàfo yìí ni chlorhexidine, oògùn apakòkòrò tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ICI ní ìlú Manchester gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1954. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí spírítì ni pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, tí yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí yóò máa fọ́ ara àwọn kòkòrò tí ó bá bá pàdé. Ìwádìí ńlá kan ní Nepal, tí a tẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé ikú àwọn ọmọ tuntun tí a fi pa ìdodo wọn fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí a kò fi nǹkan kan pa tiwọn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi irú tí a ń lò fún ìdodo kún àkójọ àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní. Ilé iṣẹ́ Drugfield ní Sángo Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, sì wà lára àwọn tí ó ń ṣe é ní Nàìjíríà. Òtítọ́ ni pé àwọn ìwádìí tí ó jáde láti Zambia àti erékùṣù Pemba ní 2016 kò rí àdínkù ikú bẹ́ẹ̀, èyí tí ó fà á tí WHO fi sọ ní 2022 pé kí ìdodo mọ́ kí ó sì gbẹ ti tó, àfi níbi tí àṣà fífi ohun tí ó lè ṣe ìpalára sí i bá ti wọ́pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wà nínú ohun tí a gbé oògùn náà sí. Ní oṣù kìíní 2019, WHO kìlọ̀ pé láti 2015, ó lé ní ogójì ènìyàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tí ojú wọn fara gbọgbẹ́ gidigidi nítorí pé a ṣèèṣì fi oògùn ìdodo yìí sí i. Oògùn kan náà tí ó ń ṣe awọ ara láǹfààní máa ń jó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ó sì lè fọ́ ojú pátápátá. Kò ṣòro láti mọ bí àṣìṣe náà ṣe ń wáyé. Ìgò kékeré tí a fi ń kán oògùn olómi sí ìdodo jọ ìgò oògùn ojú, túùbù rẹ̀ náà sì jọ túùbù oògùn ojú tí a máa ń fi sí ojú ọmọ ní kété tí a bá bí i. Nígbà mìíràn, méjèèjì a bá ara wọn nínú ọ̀rá kan náà. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù a wà nínú àpótí, di ọjọ́ tí àrùn ojú tí a ń pè ní àpólò bá wọ inú ilé, tí ẹnì kan yóò wá nawọ́ mú un.

Àwọn kan yóò ní kí a sáà kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí a fi lẹ́tà wínníwínní kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò fún ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí iná mànàmáná sì ti lọ lálẹ́. Ìrísí ohun èlò náà gan-an ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dènà àṣìṣe, kí àkọlé tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnu túùbù bá fẹ̀, tí ó sì pẹlẹbẹ, tí oògùn inú rẹ̀ sì ki tí kò lè kán, ọwọ́ yóò ti mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń fi sí ojú. Bí oògùn inú rẹ̀ kò bá ju ìlò ẹ̀ẹ̀kan lọ, bíi túùbù gíráàmù mẹ́ta tí wọ́n ń lò ní Nepal, kò ní sí ìyókù tí a ó tọ́jú pa mọ́, kòkòrò kò sì ní rí àyè wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Kòkòrò lè wà láàyè nínú oògùn apakòkòrò pàápàá. Ìdí nìyí tí FDA, àjọ tí ó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi rọ àwọn ilé iṣẹ́ ní 2013 láti máa di irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan.

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Ohun èlò kan wà tí ó ní ọwọ́ oníke, tí ìgò tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, tí fóòmù sì wà lórí. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ̀ ẹ́, ìgò yóò fọ́ sínú, oògùn yóò sì ṣàn wá sínú fóòmù láìjẹ́ pé ọwọ́ kan awọ aláìsàn. Chlorhexidine tí a pò mọ́ spírítì ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2010, lórí aláìsàn 849, fi hàn pé ìdá 9.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a fi pa lára ni ojú abẹ wọn kó kòkòrò, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 16.1 láàárín àwọn tí a lo oògùn oní-iodine fún. Ṣùgbọ́n spírítì náà lè gbiná bí a kò bá jẹ́ kí ó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, ó sì lè jó awọ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Nítorí náà, kò yẹ kí a kàn gbé e wá fún ọmọ tuntun bí ó ṣe rí. Túùbù kékeré, ẹlẹ́nu gbígbòòrò, tí kò ní spírítì nínú, ni ó bá agbo ilé Ìbàdàn mu jù lọ.

Ó yẹ kí NAFDAC, àjọ tí ó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, máa wo ìrísí túùbù bí ó ti ń wo oògùn inú rẹ̀, kí ó sì béèrè fún àwòrán ojú tí a fàlà pupa sí, àti ọ̀rọ̀ gàdàgbà ní èdè Yorùbá: ÌDODO NÌKAN. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tí ó ń fi oògùn náà han ìyá ọmọ pe ìyá àgbà mọ́ ọn. Bí ó bá sì ṣèèṣì wọ ojú ẹnikẹ́ni, kí a má ṣe fún omi ọyàn tàbí nǹkan mìíràn sí i: kí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi tí ó mọ́ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, irú bí UCH ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ náà gan-an.