Omi Ló Ń Gbé Watercress Ró

Ẹni tó bá ra watercress lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù, ewé róbótó-róbótó tó dúdú minijọ ló máa rí, lórí igi ẹlẹgẹ́ tó ní ihò nínú. Kì í ṣe gbúre. Mọ̀lẹ́bí kábéèjì àti músítáádì ni, ìdí nìyẹn tó fi ń ta ni lẹ́nu. Èròjà méjì ló wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ewé náà. Ìgbà tí eyín bá rún un ni wọ́n ń pàdé, tí títa á bẹ̀rẹ̀. Bó bá pẹ́ lórí iná, kò ní ta mọ́.

Inú omi tó ń ṣàn ló ń hù. Ó ti pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń já a létí odò kí William Bradbery tó sọ ọ́ di iṣẹ́ oko ní Springhead, ní Kent, ní 1808. Alresford ní Hampshire ló lókìkí fún un jù lónìí, ilẹ̀ ibẹ̀ ló sì fà á. Ẹfun ló wà nísàlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á rọra máa wọ inú ẹfun náà lọ, á mọ́ gaara, á kó kálísíọ́ọ̀mù, kó tó sun jáde níbòmíràn. Omi ìsun yìí kì í gbóná jù, kì í tutù jù: nǹkan bíi 10 sí 11 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lọ́jọ́ oòrùn àti lọ́jọ́ yìnyín. Ìdí nìyẹn tí ewé náà fi lè la ìgbà òtútù já.

Oko rẹ̀ jọ àkúrọ̀, àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ́ sí i, apá kan sì ga díẹ̀ ju èkejì lọ kí omi lè máa ṣàn. Omi náà kì í jìn. Nígbà tí irúgbìn bá ṣì kéré, díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń fi kún un. Kò nílò ilẹ̀ ọlọ́ràá, torí omi ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Fọ́sífọ́ọ̀sì nìkan ni omi ẹfun kì í ní tó, àgbẹ̀ ló ń fi ìyẹn sí i.

Omi kan náà lè gbé àrùn wá, ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì sí mi ju adùn lọ. Bí àgùntàn tàbí màlúù tó ní aràn ẹ̀dọ̀ bá yàgbẹ́ sétí odò, ẹyin aràn á bọ́ sómi, á pa, ọmọ rẹ̀ á wọnú ìgbín kékeré kan, á dàgbà níbẹ̀, á jáde, á sì lẹ̀ mọ́ ewé. Ẹni tó bá jẹ ewé náà ní tútù ti gbé aràn sínú ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀. Fífọ̀ kò tó láti mú un kúrò; iná ló ń pa á. Nítorí náà, ẹ má ṣe já èyí tó hù fúnra rẹ̀ létí odò kí ẹ jẹ ẹ́ ní tútù. Omi ìsun tí ẹran kò lè dé ni àgbẹ̀ gidi ń lò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi í sáàárín búrẹ́dì, wọ́n sì ń fi ànàmọ́ òyìnbó sè é lọ́bẹ̀. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní agrião, wọ́n ń fi se ìrù màlúù, wọ́n sì ń pò ó mọ́ oyin fún ikọ́. Fítámì K pọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó bá ń lo oògùn warfarin gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ lè gbìn ín sílé. Ẹ ki igi rẹ̀ mélòó kan bọ omi. Gbòǹgbò funfun á yọ ní oríkèé. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò, ẹ gbé ìkòkò sínú àwo omi, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Ẹ já a kó tó tanná, torí ó máa ń korò lẹ́yìn náà.