Ẹ́ńjìnnì Tuntun, Ẹsẹ̀ Àtijọ́

Láti ọdún 1951 tí Wally Parks ti dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni òfin eré dírágì ti jẹ́ ohun tí ọmọdé pàápàá lè lóye: ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, èyí tí ó bá sì kọ́kọ́ dé òpin ọ̀nà tààrà náà, tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdámẹ́rin máìlì, èyíinì ni 1,320 ẹsẹ̀ bàtà, ni ó borí. Nítorí pé ọ̀nà náà kò ní kọ́nà, tí kò sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti tẹ owó, ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ pààrọ̀. Ṣùgbọ́n alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ: ọkọ̀ tí ń bú ramúramù, tí táyà rẹ̀ ń yí lójú kan, tí èéfín sì bò ó mọ́lẹ̀, a máa wà níbẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́ńjìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti lọ réré. Nínú 60 ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ ni a ti ń mọ ẹni tí yóò jẹ, níbi tí wọ́n ti máa ń ka àkókò sọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyíinì ni sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kù àti táyà rẹ̀, ni ó sì ni ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Chevrolet Camaro ti ọdún 1969 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń fi í sáré títí di òní. Ká ní ẹ́ńjìnnì V8 ńlá onírin ni ó wà nínú rẹ̀, ọmọ Ògún Lákáayé tí ó wọn nǹkan bí 680 pọ́ùn, tí olówó rẹ̀ wá yọ ọ́, tí ó sì fi LS alálùmíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí General Motors kọ́kọ́ gbé jáde pẹ̀lú Corvette ọdún 1997. Ohun tí ó lé ní 200 pọ́ùn ti kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú nìyẹn. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ sípíríǹgì tí a ṣe fún ẹrù àtijọ́ kò gbọ́ pé a ti sọ ẹrù kalẹ̀, yóò sì gbé imú ọkọ̀ sókè kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kí ni ó burú nínú imú tó ga? Nígbà tí ọkọ̀ bá já kúrò lórí ìlà, iwájú rẹ̀ a gbéra, ìwúwo a sì ṣí lọ bá táyà ẹ̀yìn tí ń ti ọkọ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá wọn 3,200 pọ́ùn, tí oríkò ìwúwo rẹ̀ fi 20 íǹṣì ga sílẹ̀, tí táyà iwájú sì fi 108 íǹṣì jìnnà sí ti ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ti Camaro yìí, bí ó bá já pẹ̀lú irú ìyára tí òkúta fi ń bọ́ láti òkè, nǹkan bí 590 pọ́ùn ni yóò ṣí sẹ́yìn. Imú tí ó ti wà lókè tẹ́lẹ̀ kò ní ibi púpọ̀ tí yóò tún gbéra dé. Ṣọ́ọ̀kù iwájú a nà dópin gìrì, a fa táyà iwájú kúrò nílẹ̀ lójijì, táyà ẹ̀yìn tí ó ti di ilẹ̀ mú a sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọ̀gá mẹ̀káníìkì ṣe ń gbé ọkọ̀ ka orí òṣùwọ̀n mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ táyà kan, pẹ̀lú awakọ̀ lórí ìjókòó àti epo nínú táǹkì, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Owó òṣùwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ ń yẹra fún, wọ́n á sì ná ìlọ́po rẹ̀ sórí táyà tí wọn kò nílò.

Ní ẹ̀yìn, ọ̀pá tí ń gbé agbára wá láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì a máa lọ́ bí ó ti ń yí, tí ó fi ń tẹ táyà òsì mọ́lẹ̀, tí ó sì ń gbé ti ọ̀tún sókè. Bí agbára bá ṣe pọ̀ sí i ni lílọ́ náà ń le sí i. Sípíríǹgì ẹ̀yìn Camaro yìí, onípelebe irin, a sì máa ká kò lábẹ́ agbára náà, tí táyà yóò fi máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ọ̀nà. Irin gbọọrọ kan ni wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ sípíríǹgì náà kí ó má baà ká, ti ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ń fún le díẹ̀ ju ti òsì lọ, kí táyà ọ̀tún lè ti tẹ ilẹ̀ kí ọkọ̀ tó já. Wọ́n a tún so okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn oníná fi ń di wáyà, mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn: bí ṣọ́ọ̀kù bá súnkì, ara rẹ̀ a ti okùn náà lọ, ibi tí ó bá sì dúró sí lẹ́yìn eré ni ó ń jẹ́rìí bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti jókòó tó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà láàárín eré méjì, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Eégún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀. Táyà ni ó kàn, táyà orí-pípá, aláìlójú, afèéfín-bora. Táyà ọkọ̀ ilé, gééjì atẹ́gùn rẹ̀ a máa lé ní 30 psi, ṣùgbọ́n táyà orí-pípá aláràrọ̀ yìí, 10 sí 14 ni ó máa ń tó o, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè wú, kí ó sì hunjọ nígbà tí agbára bá bá a, kí ó lè fi ara gbòòrò tẹ ilẹ̀. Bí ojú ipa rẹ̀ lórí ọ̀dà bá dúdú létí méjèèjì, tí àárín sì funfun, atẹ́gùn ti kéré jù. Bí àárín nìkan bá dúdú, ó ti pọ̀ jù. Irú rẹ̀ tí ó jẹ́ rédíàlì kì í hunjọ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ; ìyẹn kì í dárí jì: bí ó bá ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kí ó tún di ilẹ̀ mú nínú eré kan náà. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń dín ìyára tí ṣọ́ọ̀kù fi ń nà kù fún un, kí ìwúwo lè dé bá a jẹ́jẹ́.

Kí ọkọ̀ tó lọ sórí ìlà, wọ́n a fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà kan láti ara táyà lọ sára rímù. Bí apá méjèèjì ìlà náà kò bá tún bá ara wọn mu lẹ́yìn eré, táyà ti yí lórí rímù, ẹ́ńjìnnì tuntun náà ti lágbára ju etí táyà lọ, ìṣó tí a ń dè mọ́ etí rímù ni ó sì kàn láti rà.