Ohùn Tó Há Ju Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lọ

Bí ohùn bá há l'Adó-Èkìtì, orógbó ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. N kò bá wọn jà, nítorí ọ̀fìnkìn, ariwo Ọjà Ọba àti ìwàásù àṣemọ́jú ló sábà ń fà á, kì í sì í pẹ́ lọ. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mò ń wí, pàápàá lára ẹni tó ń mu sìgá tàbí ọtí líle. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ gògóńgò. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ tó wá oògùn, kó kọ́kọ́ wá orúkọ àrùn náà.

Ojú ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun, irú èyí tó wà ní EKSUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Adó, àti ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, yóò tẹ ọrùn wò bóyá kókó wà níbẹ̀, yóò sì fi dígí kékeré tàbí okùn tó ní awò àti iná wo tán-án-ná, ibi tí ohùn ti ń jáde nínú gògóńgò. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò lè dájọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa jẹ gògóńgò, á sì jọ jẹjẹrẹ gẹ́lẹ́. Síkáànù ń fi hàn bí nǹkan náà ṣe tàn dé. Kì í sọ ohun tó jẹ́. Àfi kí wọ́n gé ẹran tíńńtín níbẹ̀, kí onímọ̀ láàbù rẹ ẹ́ láró, kó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn kan ní ọ̀bẹ ló ń tú jẹjẹrẹ ká. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá: ọ̀pọ̀ ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé ìwòsàn, tí èémí á ti fẹ́ dí; bí wọ́n bá sì kú lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọ̀bẹ là ń dá lẹ́bi, a ò ní ka oṣù tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n tètè rí i ní tán-án-ná ni ìtànṣán nìkan ń wò sàn, tí ohùn wọn sì ń kù sí wọn lọ́rùn. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ́kọ́ gé ẹran lọ́fun wọn.

Ti owó ló le jù. Àyẹ̀wò ń náni lówó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó sì jìnnà fún ẹni tó bá nílò ìtànṣán. Síbẹ̀, agbo tí ènìyàn á fi oṣù mẹ́fà mu náà ń gbówó. Bó bá sì já sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba.