Ohun Kékeré Tí Ẹ̀dọ̀ Kò Lè Ṣe Aláìní

Ó lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dọ̀ ẹranko. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fà mí débẹ̀: ‘májèlé’. Mo fẹ́ fi hàn bí orúkọ tí a sọ ohun kan ṣe lè bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Sẹlẹ́níọ̀mù jẹ́ èròjà kan tí ó wà nínú ilẹ̀. Láàárín 1930 sí 1940 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí i pé òun ni ó ń mú kí pátákò màlúù àti ẹṣin máa já bọ́ ní South Dakota ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ó pọ̀ jù nínú koríko tí wọ́n ń jẹ. Májèlé ni wọ́n sì pè é.

Ní 1957, Klaus Schwarz àti Calvin Foltz, ní Bethesda ní orílẹ̀-èdè kan náà, rí ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà. Àwọn eku tí a fi ìwúkàrà tórúlà bọ́, tí oúnjẹ wọn kò sì ní fítámì E, ń kú nítorí pé ẹ̀dọ̀ wọn ń bàjẹ́. Ìwúkàrà àwọn apọntí kì í fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ohun tí ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ náà rí, sẹlẹ́níọ̀mù ni.

Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Ní 1973, J. T. Rotruck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin dáhùn. Bí iná ìdáná ti ń rú èéfín, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ inú ara ń mú hydrogen peroxide jáde, èyí tí ó lè ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹ́ńsáìmù kan, glutathione peroxidase, ni ó ń sọ ọ́ di omi. Sẹlẹ́níọ̀mù wà ní ojúkò ibi tí ẹ́ńsáìmù náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí nínú oúnjẹ eku, agbára ẹ́ńsáìmù yìí nínú ẹ̀dọ̀ yóò máa relẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mílígíráàmù 0.1 nínú kílógíráàmù oúnjẹ 1 tó eku. Bí ó bá di ìlọ́po 50, tí eku sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó di ewu. Síbẹ̀, ó di 1974 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà kí a fi í sínú oúnjẹ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ìfura pé ó ń fa jẹjẹrẹ wà lára ohun tí ó fa ìdádúró náà. Fún ọdún 17 ni orúkọ búburú fi dènà oògùn.

Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀dọ̀ eku fi ìdajì kejì kún un: àìsí ohun kékeré náà lè pani. Kí a tó pe ohun kan ní májèlé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bí ó ti pọ̀ tó.