Èròjà oúnjẹ Kòríà àti Jàpáànì: Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Èkó wà ní Sábó Ṣàgámù

Bí èèyàn bá sọ fún ẹni tó ń ta sóyà àti áyù ní Sábó, nílùú Ṣàgámù, pé ọjà tó pàtẹ síwájú rẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń se oúnjẹ ní Jàpáànì àti Kòríà, ó ṣeé ṣe kó rò pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa dán oúnjẹ òkèèrè wò nílé wà káàkiri, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fíìmù Kòríà. Bí wọ́n bá sì ti pàdé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi ara wọn: kí la lè rà nítòsí tí a ó fi rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún? Oníṣòwò tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, tí ọjà náà sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti rí oníbàárà tuntun nìyẹn.

Kì í ṣe òní ni oúnjẹ ìhà ibẹ̀ ti wọ ilé ìdáná wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jàpáànì kan, Kikunae Ikeda, ló ṣàwárí ohun tó ń mú omi ewéko inú òkun dùn lọ́dún 1908, inú iṣẹ́ rẹ̀ ni Ajinomoto ti jáde. Jàpáànì náà ni Momofuku Ando ti gbé núdùù tí omi gbígbóná ń sè lójú ẹsẹ̀ jáde lọ́dún 1958. Indomie tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ni wọ́n ti ń ṣe é láti àárín àwọn ọdún 1990. Ẹja inú agolo tó ń jẹ́ Geisha ńkọ́? Orúkọ Jàpáànì ni. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ṣe ìwé ọjà 41 tí wọn kò ní ta dọ́là fún lóṣù kẹfà ọdún 2015, "Geisha" gan-an ni wọ́n kọ sí i. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Dọ́là yìí náà ló sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ di ọ̀rọ̀ òwò. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá náírà 1,500. Ìgò òróró tàbí ike ata tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò lè ṣe kó má bá a gòkè. Ẹni tó ń gbé ní Rẹ́mọ yóò tún fi owó ọkọ̀ Èkó lé e.

Ní ti Sábó, obì ló kó àwọn oníṣòwò Haúsá wá sí Ṣàgámù. Obì ilẹ̀ Rẹ́mọ ń lọ sí Òkè Ọya, ọjà Òkè Ọya náà ń bọ̀ níbí. Ọjà Òkè Ọya ọ̀hún ló sì bá oúnjẹ Kòríà àti Jàpáànì mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú yànmọ̀tí, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní rídí. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo èyí tí àwọn ará Jàpáànì ń jẹ ni wọ́n ń rà láti ilẹ̀ mìíràn, Nàìjíríà sì ti wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí òróró rídí tí èèyàn rà lówó gọbọi ní Èkó jẹ́ èso oko Jigawa tàbí Nasarawa tó lọ sókè òkun tó sì padà wálé! Fífún òróró rẹ̀ nílé kò rọrùn, ká má tan ara wa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè yan rídí. Wọ́n á dà á sínú omi kí iyanrìn lè rì sísàlẹ̀, wọ́n á bu ti òkè, wọ́n á sá a, wọ́n á wá yan án lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi máa ta pàràpàrà. Bí wọ́n bá gún un pọ̀ mọ́ iyọ̀ díẹ̀, àwọn ará Jàpáànì àti Kòríà a máa bu irú rẹ̀ sórí ìrẹsì.

Sóyà ló tún jinlẹ̀ jù. Wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn Haúsá ń pè ní àwàrà, ohun kan náà ni pẹ̀lú tofu àwọn ará Jàpáànì. Wọ́n á lọ sóyà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sè é, wọ́n á wá fi nǹkan mú un dì. Omi iyọ̀ òkun ni Jàpáànì ń lò, omi ògì kíkan tàbí èso tsamiya ni wọ́n ń lò níbí. Ẹni tó bá ń ṣe àwàrà tà lè fi aṣọ àti òkúta tẹ díẹ̀ mọ́lẹ̀ kó le dáadáa, kó gé e sí ìgun mẹ́rin láìdín in, kó sì rì í sínú omi tútù fún àwọn tó fẹ́ fi se ọbẹ̀. Ọjà méjì ti jáde láti inú ìkòkò kan nìyẹn.

Irú ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí tó ń mú irú wa rà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis, òun náà ló ń mú natto àwọn ará Jàpáànì àti cheonggukjang àwọn ará Kòríà rà. Èso igbá là ń lò látijọ́, sóyà ni tiwọn, ṣùgbọ́n irú sóyà náà ti wà lọ́jà tiwa báyìí. Òórùn wọn kò jìnnà síra, ẹni tó bá ti lè fara da irú kò ní sá fún cheonggukjang. Síbẹ̀, àwọn ará Jàpáànì kì í se natto wọn kí wọ́n tó jẹ ẹ́, orí ìrẹsì gbígbóná ni wọ́n ń dà á sí. Kí ẹnikẹ́ni má ta irú fún oníbàárà pé kó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ọbẹ̀ ni irú tiwa ń gbé.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣàṣìṣe nídìí ìrẹsì. Ìrẹsì gígùn tó ń ta ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kò ṣeé ká sínú ewéko òkun, yóò tú ni. Èyí tí àwọn Haúsá fi ń ro túwó, tó máa ń lẹ̀ mọ́ra bó bá jinná, ló súnmọ́ tiwọn jù.

Kimchi ni ti àwọn tó fẹ́ràn ata. Kábéèjì, iyọ̀, áyù, atalẹ̀, àlùbọ́sà eléwé àti ata gbígbẹ ni, pẹ̀lú edé tàbí omi ẹja oníyọ̀. Ata Kòríà pọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ ta. Tàtàṣé gbígbẹ tí wọ́n yọ kóró rẹ̀, tí wọ́n fi ṣọ̀ḿbọ̀ díẹ̀ sí, yóò ṣe é. Atalẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ owó rẹ̀, nítorí àrùn tó kọlu oko atalẹ̀ ní gúúsù Kàdúná lọ́dún 2023 sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ máa ta kimchi sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n máa ń ri ìkòkò rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà òtútù ni. Nínú ooru tiwa, ọjọ́ kan sí méjì ti tó kó kan. Bí iná bá lọ tí fíríìjì kò tutù mọ́, yóò máa hó lọ ni, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì lè ti ọmọrí ìgò jáde. Ìwọ̀nba tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ló dáa kí èèyàn ṣe.

Ẹni tó ń ta rídí tàbí sóyà ní kóńgò lásán kò ní wàhálà púpọ̀. Bó bá ti di pé wọ́n ń dì í sínú ìgò tí wọ́n sì ń lẹ orúkọ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti kan NAFDAC, nítorí oúnjẹ tí a ṣe tí a sì dì fún títà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà wọn. Kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò. Rídí, sóyà àti edé wà lára ohun tí ara àwọn kan kì í gbà rárá, ó sì lè gba ẹ̀mí. Kí ẹni tó sì po ata tirẹ̀ má kọ orúkọ gochujang sí i, torí pé ìrẹsì, sóyà rírà àti oṣù púpọ̀ nínú ìkòkò ló ń mú èyí jáde.

Ibi tí oníbàárà wà kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù níbí, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn. Àpò kékeré tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni irú wọn lè rà: rídí yíyan ìwọ̀nba, ata ìwọ̀nba, ìrẹsì túwó kóńgò kan, pẹ̀lú ìwé pélébé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè é.

Ewéko òkun gbígbẹ tí wọ́n fi ń ká ìrẹsì ni Sábó kò ní, kò sì sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Èyí ni kí wọ́n rà wá láti Èkó, kí wọ́n sì máa tà á ní ewé kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká odindi páálí. Inú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí bí ọ̀rinrin bá ti kàn án, yóò rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa rà á mọ́.