Kí ẹ tó ta kòkó torí ọ̀rá inú ọmọ yín



Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí àwọn èèyàn wa ní Ìwàrà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, mi ò tíì jókòó dáadáa tí ìyá kan ládùúgbò fi wọlé bá mi. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, bá mi ka nǹkan yìí. Àbúrò rẹ tó wà l'Ékòó ló fi ránṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ fa ọ̀rá inú òun, kí n bá òun wá díẹ̀ kún owó ọwọ́ òun. Mo ti bá àwọn tó ń ra kòkó sọ̀rọ̀."

Mo gba fóònù, mo kà á. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: owó iṣẹ́ abẹ, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà. Mo ní, "Màmá, ṣé wọ́n sọ ohun tó wà nínú owó yìí?" Ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé nǹkan mìíràn tún wà nínú ẹ̀ ni?"

Ìbéèrè ìyá yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń béèrè é. Ọ̀pọ̀ òbí ni ọmọ wọn ti pè lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọn ò sì mọ ẹni tí wọn yóò bi. Owó náà kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí ₦70,000. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn yóò kó owó oṣù tó lé ní mọ́kànlélógún jọ, láìjẹ láìmu, kó tó pé mílíọ̀nù kan ààbọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní fífa ọ̀rá?

Liposuction ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu òyìnbó, àwọn ọmọ ìgboro ń pè é ní "láípò". Iṣẹ́ abẹ gidi ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Dókítà ará Faransé kan, Yves-Gérard Illouz, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1977.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn yóò kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ tí wọ́n po oògùn mọ́ sábẹ́ awọ ibi tí ọ̀rá wà. Oògùn kan nínú rẹ̀ ń pa ìrora, èkejì ń mú kí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò la ojú kékeré sí ara, wọn yóò ti páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ yóò sì máa fa ọ̀rá náà jáde. Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹni náà yóò wọ aṣọ kan tó fún mọ́ra pinpin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ara yóò wú, yóò ní àmì bí ẹni tí wọ́n lù, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kí ó tó lọ sílẹ̀ tán.

Iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí ẹ óò san

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ títún ara ṣe sọ pé ní ọdún 2020, $3,637 ni àwọn dókítà ń gbà lórí fífa ọ̀rá, tí a bá pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn sọ pé owó ọwọ́ dókítà nìkan nìyẹn o, pé owó ẹni tó ń kunni lóorun àti owó yàrá iṣẹ́ abẹ kò sí níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS kì í sábà ṣe é fún ẹni tó kàn fẹ́ rẹwà. Ohun tí wọ́n kọ fún aráàlú wọn ni pé yóò ná ẹni tó bá fẹ́ ẹ tó £2,000 sí £6,000.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fi iye kan ránṣẹ́, ẹ ní kó lọ béèrè nǹkan wọ̀nyí, kó sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀:

1. Ṣé owó àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀? Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá, ṣúgà àti ọkàn wò ṣáájú. Ibi tí wọn ò bá ti yẹ nǹkan kan wò, ẹ sá níbẹ̀.

2. Ta ni yóò kùn ún lóorun, ta sì ni yóò san owó rẹ̀? Dókítà ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ yẹn yẹ fún.

3. Owó yàrá iṣẹ́ abẹ àti bẹ́ẹ̀dì ń kọ́? Bí ohun tí wọ́n fẹ́ fà bá lé ní lítà márùn-ún, ó yẹ kí ẹni náà sùn mọ́jú sí ọsibítù, níbi tí wọn yóò ti máa ṣọ́ ọ. Owó oorun náà, owó ni.

4. Oògùn àti aṣọ tó ń fún ara náà ń kọ́? Ṣé ọ̀kan ni wọn yóò fún un ni àbí méjì, torí ó gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́?

5. Ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò padà lọ kí dókítà wò ó, ṣé ọ̀fẹ́ sì ni? Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀ṣà lọ sí Èkó yóò sanwó ọkọ̀, yóò sì wá ibi tí yóò sùn.

6. Ọjọ́ mélòó ni kò ní lè ṣiṣẹ́? Ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó ń gbé ẹrù tàbí tó ń pọn ọmọ lè tó oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀. Ta ni yóò bójú tó àwọn ọmọ? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá tó wà nílé ni. Owó ọkọ̀ tiyín àti ọjà yín tí ẹ kò tà náà wà lára owó yìí.

7. Bí nǹkan bá yí padà, tí wọ́n ní láti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ta ni yóò sanwó?

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé tí gbogbo èyí bá jẹ́ náírà mẹ́wàá, kí náírà mẹ́ta mìíràn wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn. Ẹni tí kò bá ní mẹ́ta yẹn, kò tíì ní owó iṣẹ́ abẹ yìí.

Kò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kò wo ṣúgà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ èyí. Àwọn kan ti bi mí bóyá wọ́n lè fa ọ̀rá inú kí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ lè rọlẹ̀. Rárá o. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò kan jáde nínú ìwé àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní New England Journal of Medicine. Obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó sanra ni wọ́n fa ọ̀rá inú wọn, ó tó nǹkan bíi kílò mẹ́wàá lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ìfúnpá kò lọ sílẹ̀, ṣúgà kò dára sí i, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò yí padà.

Ìdí ni pé ọ̀rá abẹ́ awọ ni wọ́n ń fà. Èyí tó wé mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀, tí ó ń bá ara jà jù, páìpù kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹni tí kò bá sì yí oúnjẹ àti ìṣe rẹ̀ padà, ọ̀rá mìíràn yóò tún dé. Ẹni tó sún mọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ibì kan kàn ṣe gọngọ lára rẹ̀, ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó jìnnà sí i àfi bí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i.

Ibo ni owó yóò ti wá?

Ẹ má fọkàn sí ìdójútòfò ìlera. NHIA, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò NHIS, kì í sanwó iṣẹ́ abẹ ẹwà.

Ó wá ku ẹ̀yáwó. Bí ọ̀rọ̀ gbèsè bá délẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kọ́ àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn bàbá wa ni òṣómàáló. Wọ́n á tà aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹni tó ra aṣọ láwìn ṣì ń wọ aṣọ rẹ̀, bí ó bá sì le, ó lè tà á. Ọ̀rá tí wọ́n ti fà dànù, ta ni yóò rà á? Òṣómàáló òde òní inú fóònù ló wà. Kì í lóṣòó. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù yín ni àwọn kan nínú wọn ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí. Ẹ má yá owó irú ibẹ̀ torí ẹwà.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, kó dá àjọ tàbí kó máa fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Owó ilé ìwé ọmọ, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, àti oko, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má sì san kọ́bọ̀ sílẹ̀ kí ọmọ tó fojú kan dókítà, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ọ̀pọ̀ tó ń pani

Owó pọ̀ lọ́wọ́, ìyẹn kò ní kí ewu má sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005, Stella Ọbásanjọ́, aya Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí ní Marbella, nílẹ̀ Sípéènì. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Páìpù náà wọ inú ikùn níbi tí kò yẹ, ó lu ìfun, ó sì ya ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi, ó rán an lẹ́wọ̀n ọdún kan, ó sì ní kó san 120,000 yúrò fún ọmọ olóògbé.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún aya Ààrẹ, kí ni ká ti sọ nípa ti ọ̀pọ̀? Ní 2011, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Lọ́ńdọ̀nù lọ gba abẹ́rẹ́ ìdí ńlá ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Philadelphia, lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ó bá a lọ. Nílé níbí náà, àjọ FCCPC ti ilé iṣẹ́ kan pa ní Èkó lọ́dún 2020 nítorí ẹ̀sùn pé obìnrin kan kú lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ MDCN ti dókítà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà. Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ títún ara ṣe gan-an ló kọ́. UCH n'Íbàdàn àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, tó ni Wesley Guild tó wà n'Íléṣà wa, ní irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè lọ gba ìmọ̀ràn níbẹ̀ ṣáájú.

Bí wọ́n bá sì ti ṣe é tán, tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tí àyà ń dun ni, tí ẹsẹ̀ kan wú, tí ara gbóná, tí inú ń dunni gan-an tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ọsibítù ńlá tó bá sún mọ́ ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ìpè ẹnikẹ́ni.

Ṣé ọ̀rá tilẹ̀ ni?

Ìbéèrè yìí ni mo fi sílẹ̀ de ìparí. Inú tó yọ lè jẹ́ fáíbírọ́ìdì. Ó lè jẹ́ ìfun tó ń ti ara rẹ̀ jáde. Ó lè jẹ́ omi tó gbára jọ torí ẹ̀dọ̀, ó sì lè jẹ́ oyún. Kò sí èyí tí páìpù lè fà nínú wọn.

Mo bá ọmọ ìyá yẹn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ bínú pé ìyá òun ń tú àṣírí òun. Nígbà tó yá, ó gbà láti lọ sí ọsibítù ńlá kan. Dókítà ní kó dùbúlẹ̀, kó gbé orí sókè díẹ̀, gegele kan sì yọ láàárín inú rẹ̀. Iṣan ikùn rẹ̀ méjèèjì ló ti yà síra láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kẹta. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rá níbẹ̀. Bí wọ́n bá fà á tí wọ́n sì gba mílíọ̀nù kan ààbọ̀, inú náà ìbá ṣì yọ. Wọ́n kọ́ ọ ní eré ìdárayá tí yóò máa ṣe, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Owó káàdì àti àyẹ̀wò ló ná.

Mi ò ní pa irọ́ fún yín, inú rẹ̀ kò tíì dùn tán. Ó ṣì ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Mo sì ní kó má bínú sí ara tó gbé ọmọ mẹ́ta fún un. Ìyá rẹ̀ ta kòkó náà o, ṣùgbọ́n páànù ilé rẹ̀ tó ń jò ló fi rà.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.